Dámi fẹ́ lọ ṣe IT ní Àkúrẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin òbí. Houston là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, Dámi, ọmọ ogún ọdún, ti rí àyè ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ NGO kan ní Àkúrẹ́ tó ń ran àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́ kí wọ́n má baà fi ilé ìwé sílẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì Àkúrẹ́, ń pè ní IT náà ni, ìyẹn kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́. Ọmọ Òǹdó ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin ni Dámi nígbà tó délé kẹ́yìn. Ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, òyìnbó ló fi ń dáhùn. Bàbá rẹ̀ ní òun ò ní fi ọwọ́ ara òun fa ọmọ lé ajínigbé lọ́wọ́. Èmi fẹ́ kó lọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti lọ rí, kí ni kí n múra sílẹ̀ fún?
Ìyá Dámi

Ìyá Dámi, ẹ jẹ́ kó lọ. Mo tètè sọ ìyẹn ná, torí bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ lè rò pé mo ń dí i lọ́nà ni.

Bàbá Dámi ò jẹ̀bi. Ẹni tó bá rántí bí àwọn agbébọn ṣe kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀ ní oṣù Kẹfà 2022 kò ní bá a jiyàn. Pápákọ̀ òfurufú wà ní Àkúrẹ́; kó má gba títì láti Èkó bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Yellow card, oògùn ibà, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà bí ẹ bá ti gbà á fún un, ẹ mọ gbogbo ìyẹn. Èyí tí ẹ lè má rò sí ni ti àkókò. Ìparí oṣù Keje ni ilé ìwé ń gba họ́lídè nílé. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ tiyín láyè ní Amẹ́ríkà, kó tètè gbéra. Tèmi, Tọ́pẹ́, tó ń kàwé ní Leeds kò ráyè kúrò títí oṣù Kẹfà fi ń parí lọ. Bó bá di oṣù Kẹjọ, lẹ́sìn họ́lídè nìkan ló kù, àwọn ọmọ tí òbí wọn rówó lẹ́sìn san kọ́ sì ni NGO ń wá.

2023 ni Tọ́pẹ́ mi lọ. Ilé ìyá mi ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, ló dé sí. NGO tó lọ ṣiṣẹ́ fún ní kó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin JSS3 ní ìṣirò lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ní kíláàsì. Ọmọ kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó máa ń bá a gbé báàgì dé ibi tó ti ń wọ ọ̀kadà. Bí Tọ́pẹ́ bá pè mí, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló ń kọ́kọ́ sọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọmọ náà dúró sẹ́yìn títí àwọn yòókù fi lọ tán. Ó wolẹ̀, ó sọ nǹkan kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tọ́pẹ́ ní ìwé kékeré kan tó ń kọ Yorùbá sí bó bá ṣe gbọ́ ọ, kó lè bi ìyá mi nílé. Ohun tó kọ nìyí: won ni kin lo si eko, mi o ni wa mo.

Ó mọ ẹ̀kọ́, gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́ sí tíṣáàtì NGO tó wọ̀. Ó mọ wá. Ó mọ mọ̀. Lójú tirẹ̀, àwọn ará ilé ọmọ náà ti gbà pé kó máa lọ síbi ẹ̀kọ́. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ó dáa! Ó dáa gan-an!” Kò tiẹ̀ bi ìyá mi, torí ó rò pé òun ti gbọ́ ọ. Ó fi máàkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń ṣe sí èyí tó bá ti yé e.

Lọ́jọ́ Ajé ọmọ náà ò wá. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, kò wá. Ọjọ́ kẹwàá ni Tọ́pẹ́ ń fi ìwé náà ṣe fáàrí fún mi lórí fóònù, pé kí n wo bí Yorùbá òun ṣe ń pọ̀ sí i. Mo kà á. Mo ní kó gbé e súnmọ́ mi. Wọ́n ní kí n lọ sí Èkó. Mi ò ní wá mọ́.

NGO lọ sílé wọn. Ìyá àgbà rẹ̀ ní àǹtí kan ti mú un lọ, yóò fi í sí ilé ìwé lọ́hùn-ún. Ẹ mọ irú àǹtí bẹ́ẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó ṣe ìdánwò JSS3. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé títí dé JSS3, ibi tí ọ̀fẹ́ náà ń parí sí gan-an ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pòórá sí.

Ó lè wà nílé ìwé o. Àǹtí gidi wà. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Òǹdó lèmi náà gbé, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gómìnà Ajásin ni mo fi wọ girama ní 1981, mo gún iyán, mo kàwé, mo jáde. Mo máa ń sọ èyí fún ara mi bí oorun ò bá wá.

Kí ẹ má sì wá bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ́ ọmọ mi ní Yorùbá. Olùkọ́ nọ́sìrì ló ní ká fi èdè kan ṣoṣo bá a sọ̀rọ̀, kó má baà dàrú mọ́ ọn lórí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nígbà náà. Ta ló fẹ́ máa jà lórí mọ́ àti mọ̀ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí bọ́ọ̀sì ń bọ̀? Èmi tí mo gba A1 nínú Yorùbá ní WAEC. Bàbá rẹ̀ náà wà nílé, kò sẹ́ni tó bi í.

Ẹ bi NGO yẹn, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ta ló gbọ́ Yorùbá tí yóò máa jókòó ti Dámi. Ta ló máa sọ fún lọ́jọ́ náà gan-an bí ọmọ kan bá ní òun ní ọ̀rọ̀? Wọn ò sọ ìyẹn fún Tọ́pẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn náà ló wá ń bi í pé kí ló dé tí kò tètè sọ. Kó má ya fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ. Kó má ṣèlérí owó. Ti Yorùbá, oṣù mélòó ló kù? Ẹ máa fi bá a sọ̀rọ̀ láti òní, bó tilẹ̀ ń fi òyìnbó dá yín lóhùn. Mi ò mọ̀ bóyá yóò tó.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ibi tí wọ́n fi Dámi sí bá súnmọ́ Òkè-Àró, ẹ kọ̀wé sí mi. Ìyá mi ń gba iwájú ilé wọn kọjá bó bá ń lọ sí Ọjà Ọba. Ó ní àbúrò ọmọ náà ti wọ JSS3 báyìí.