Ẹ gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó kó rósárì ránṣẹ́

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀yin obìnrin méje ní Mọ́kọ́lá ń fi èèpo àgbọn ṣe rósárì àti tẹ̀sùbáà, kọ́sítọ́mà kan láti òkè òkun wá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó 100 ránṣẹ́, owó á tẹ̀lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, lọ́dún 2019. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe é níwájú ilé wa ní Bẹẹrẹ, à ń ṣa èèpo lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àgbọn ní Bódìjà, wọn kì í gba kọ́bọ̀ torí dídànù ni wọ́n máa ń dà á nù. Ìgbà tẹ́ni tó fẹ́ rà á wá gbọ́ pé ọ̀fẹ́ la rí èèpo, ó ní ṣebí pàǹtí ni, kí ló wá gbówó lórí tó báyìí. Kò mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ 59 ló wà lára rósárì kan, 53 fún Mo kí ọ Màríà, 6 fún Baba wa, ká má tíì sọ ti tẹ̀sùbáà oní-99. A ó fọ́ èèpo wẹ́wẹ́, a ó lu ihò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sín in sórí wáyà kó fún pinpin, a ó wá máa yí i lórí òkúta tá a bu omi sí títí gbogbo ẹ̀ á fi rí róbótó tí á dọ́gba, ká tó fi sáńpépà ha á, ká fi òróró àgbọn pa á kó máa dán. Eruku ẹ̀ ò dáa fún àyà rárá, ẹ máa fi aṣọ bo imú.

A kó 80 ránṣẹ́. Oṣù keje ni, òjò ò jẹ́ kí èèpo gbẹ, àwa náà sì kánjú. Ó dé ọ̀hún, ó ti bu. Ẹni yẹn ò san kọ́bọ̀, kò gbé fóònù wa mọ́. Ọ̀kan nínú wa ti fi owó ilé-ìwé ọmọ ẹ̀ ra okùn àti àgbélébùú. Ó pẹ́ kí n tó lè wo ojú ẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé World Fair Trade Organization, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí i pé òwò ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ní ìlànà 10 fáwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ sọ pé bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá béèrè, kí ẹni tó ń rajà san ó kéré tán ìdajì owó sílẹ̀, láìsí èlé. Torí náà tẹ́ ẹ bá béèrè, kì í ṣe àrífín, ohun tó tọ́ ni. Kí oníkálukú sì máa kọ wákàtí tó lò sínú ìwé, ìyẹn lẹ máa fi dá owó lé e, ẹ má wo ti èèpo.

Ní ti gbígbẹ, ẹ ha gbogbo funfun inú èèpo kúrò kẹ́ ẹ tó sá a. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ẹ yà sọ́dọ̀ wa, àmọ́ òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ wá, ìgbà yẹn la máa ń tẹ́ ẹ sóòrùn.