Ọjọ́ tó wà lára ìgò kò tíì pé, gáàsì ti lọ: ìdánwò tí ọlọ́jà lè ṣe ní sítọ́ọ̀ rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kubwa ni mo ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi ló ń lọ tún un tà. Lọ́dọọdún, tí ooru bá ti mú láti oṣù kejì lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé mínírà onígò ike tí mo tà fún wọn kò ta lọ́fun mọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kọ sí i kò tíì pé. Mo fẹ́ kó ọjà jọ fún Iléyá kí owó rẹ̀ tó gòkè. Ṣé ọ̀nà wà tí mo lè fi dán an wò fúnra mi, kí n mọ iye ọ̀sẹ̀ tí ìgò ike lè fi dá gáàsì dúró ní sítọ́ọ̀ tèmi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa, ẹ sì kú ooru. Ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àwọn oníbàárà yín. Iṣẹ́ ìdánwò ìgò ike ni mo ń ṣe jẹun. Nínú yàrá ìdánwò, dígírì 22 tàbí 23 ni a máa ń tọ́jú ìgò sí títí a ó fi mọ iye ọjọ́ tó lè lò. Ní Àbújá, tó bá di oṣù kẹta, ọ̀sán a máa dé dígírì 36 tàbí 37, inú sítọ́ọ̀ onípáànù tí kò ní sílìn a sì máa kọjá 40. Ní Sokoto àti Maiduguri, ní oṣù kẹrin, ìta gan-an ló ń kọjá 40. Ẹni tó bá ka ọjọ́ ara ìgò nínú irú sítọ́ọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀, iye tó sì yẹ kó yọ ni ìdánwò yìí máa fi hàn yín.

Gáàsì tó ń ta ni lọ́fun yìí, kábọ́nì dáyọ́ksáìdì ni. Nínú ọ̀pọ̀ kólà, nǹkan bí lítà gáàsì mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ mọ́ inú lítà ọtí kan. Ti ọlọ́sàn a máa kéré sí i. Ìgò gíláàsì kì í jẹ́ kí gáàsì gba ara òun kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni agolo. Ti ike yàtọ̀. Bí omi ṣe ń yọ lára àmù láìsí pé àmù náà ní ihò, bẹ́ẹ̀ ni gáàsì ń gba ara ìgò ike jáde, tọ̀sán-tòru, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé e. Díẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ọmọrí lọ. Ike fúnra rẹ̀ ń fa díẹ̀ mu. Ìgò tún máa ń fẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ nítorí ipá tó wà nínú rẹ̀, ipá náà á sì dín kù. Ṣùgbọ́n ara ìgò ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà lọ. Nathaniel Wyeth, ará Amẹ́ríkà tó gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1973 lórí ìgò PET, ìyẹn irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò mínírà, rí i pé tí wọ́n bá fa ike náà ní òró àti ní ìbú bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ di ìgò, á le, á sì lè gba ipá gáàsì mọ́ra. Òun ló jẹ́ ká lè máa ta kólà nínú ike lónìí. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe fà á tó, kò di gíláàsì.

Ní ilé iṣẹ́, a kì í dúró dìgbà tí gáàsì bá tán. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé tí ìdá 15 nínú ìdá 100 gáàsì àkọ́kọ́ bá ti lọ, ọjọ́ ìgò náà pé. Ní dígírì 22, ìgò 50cl máa ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá kó tó dé ibẹ̀. Ìgò lítà méjì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìgò kékeré ní ara púpọ̀ fún ọtí díẹ̀. Bí ìgò méjì bá jọra ní ìrísí, ara tí ti 50cl ní fún ìwọ̀n ọtí kan náà tó ìlọ́po 1.6 ti lítà méjì. Ti 35cl sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 1.8. Nítorí náà 35cl ni gáàsì rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Bí ilé iṣẹ́ bá tún dín ìwúwo ìgò kù kí owó ike lè mọ níwọ̀n, ara ìgò á fẹ́lẹ́ sí i, gáàsì á sì túbọ̀ yára jáde.

Ooru wá ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀, nítorí iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń jẹ́ kí ara ike túbọ̀ rọ̀ fún gáàsì láti gbà kọjá, ó sì ń lé gáàsì kúrò nínú ọtí bọ́ sí àyè òfìfo tó wà lókè ìgò, níbi tó ti ń ti ara ìgò kíkankíkan. William Henry, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé láti ọdún 1803 bí iye gáàsì tí omi lè gbà ṣe ń tẹ̀lé ipá tó wà lórí rẹ̀. Bí omi bá sì ṣe ń gbóná sí i ni èyí tó lè dì mú ń kéré sí i. Ìgò kólà kan náà, ipá inú rẹ̀ ní dígírì 40 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ipá rẹ̀ ní 20. Ohun tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń fi ṣe ìṣirò kíákíá ni pé bí ooru bá fi dígírì mẹ́wàá lé, gáàsì tó ń jáde á súnmọ́ ìlọ́po méjì. Ẹ fi ìyẹn wo ìgò 50cl tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ méjìlá: ní dígírì 32, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje. Mi ò tíì dé 40 o, mi ò sì tíì dé orí 35cl.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i pé ilé iṣẹ́ mọ̀ nípa èyí. Ẹ mú agolo àti ìgò ike mínírà kan náà, kí ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí lára méjèèjì. Ti ike ló máa ń kúrú jù.

Bí a ṣe ń dán an wò níbi iṣẹ́ kò ní gba àkókò púpọ̀ láti sọ. A máa ń fi abẹ́rẹ́ tó so mọ́ géèjì gún ọmọrí, a ó mi ìgò títí ipá inú rẹ̀ kò fi ní gòkè mọ́, a ó ka ipá àti ìwọ̀n ooru, a ó sì wo tábìlì tó máa sọ iye gáàsì tó kù. Ìgò tí a bá gún ti bàjẹ́ nìyẹn, ìdí nìyí tí a fi ń kó ìgò púpọ̀ láti báàṣì kan náà, ìyẹn àwọn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀, sílẹ̀. Ẹ̀rọ tún wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ojú kò lè rí, wo gáàsì gba ara ìgò, kí a má bàa dúró fún oṣù mẹ́ta. Àwọn mìíràn ń fi yìnyín gbígbẹ, ìyẹn gáàsì yìí kan náà tó ti dì, sínú ìgò òfìfo, wọ́n á dé e, wọ́n á sì máa wọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa, ẹ má dán ti yìnyín gbígbẹ wò nílé. Ẹ má gún ìgò, ẹ má sì gbé e sínú omi gbígbóná kí ìdánwò lè yá. Ìgò tó bá bẹ́ lè fọ́ni lójú.

Èyí tí ẹ lè ṣe láìséwu ni wíwọ̀n, nítorí gáàsì ní ìwúwo. Gáàsì inú kólà 50cl fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù mẹ́rin. Ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.6 gíráàmù. Ti 35cl jẹ́ nǹkan bí 0.4. Òṣùwọ̀n ìdáná kò lè rí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá irú òṣùwọ̀n oníbátìrì tí àwọn oníwúrà ń lò, tó ń ka 0.01 gíráàmù. Púpọ̀ nínú wọn kò lè gbé ju gíráàmù 500 lọ, ìgò 50cl tó kún sì wúwo jù bẹ́ẹ̀. Ẹ kúkú fi 35cl ṣe ìdánwò náà. Òun ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́, tí ẹ bá mọ tirẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀ lórí àwọn tó kù.

Ẹ ra ìgò kólà tuntun, kí nọ́ńbà báàṣì wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ fi máàkà kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn. Ẹ kó díẹ̀ sí sítọ́ọ̀ níbi tí ọjà yín ń gbé gan-an, ẹ kó díẹ̀ sí yàrá tó tutù jù nínú ilé, nílẹ̀, kúrò níwájú fèrèsé. Ẹ fi tẹmómítà ògiri sí ibi méjèèjì, kí ẹ máa kà á ní aago méjì ọ̀sán. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ nu ìgò kọ̀ọ̀kan gbẹ, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Eruku ọyẹ́ tó bá bà lé ìgò ní ìwúwo tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òógùn tó ń là lára ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú fíríìjì.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ tó ń ṣe irú ìdánwò yìí ti máa ń ṣìnà, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Gáàsì nìkan kọ́ ló ń gba ara ike jáde. Omi náà ń jáde. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, bíi tiwa lókè yìí láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, omi tó ń lọ lè tó gáàsì tó ń lọ, ó tiẹ̀ lè jù ú lọ. Ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ mọ́ gáàsì á rò pé ìgò òun ti kú nígbà tí kò tíì kú. Nítorí náà, ẹ da ọtí inú ìgò méjì nínú báàṣì náà nù, ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ pọn omi lásán sí wọn dé ibi tí ọtí dé, kí ẹ dé wọn pinpin, kí ẹ gbé ọ̀kan sí ibi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn tó kù. Ohun tí ìgò omi bá fi dín ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ìgò kólà ibẹ̀ fi dín. Ìyókù ni gáàsì. Bí 35cl bá dín 0.90 láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ìgò omi sì dín 0.50, gáàsì 0.40 ló lọ, ìgò yín sì ti dé òdiwọ̀n.

Ẹ fi ẹnu jẹ́rìí sí i pẹ̀lú. Ẹ tọ́jú ìgò díẹ̀ nínú báàṣì náà sí fíríìjì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí gáàsì kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí òṣùwọ̀n bá ń súnmọ́ 0.4, ẹ gbé ìgò kan láti sítọ́ọ̀ sínú fíríìjì mọ́jú, kí tútù wọn lè dọ́gba. Ẹ bu wọ́n sí ife mẹ́ta, méjì láti inú ọ̀kan, ẹyọ kan láti inú èkejì, kí ẹ ní kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mú èyí tó yàtọ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ bi bá mú un tọ̀nà, àwọn oníbàárà yín náà á mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n bá gbé wá ni ti ara ìgò o. Nígbà tí iná bá lọ, tí wọ́n ṣí mínírà tó gbóná, yóò hó dànù, gáàsì á sì bá a lọ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó kù á dà bí omi ṣúgà. Kí ẹ tó gba ìgò padà, ẹ béèrè bó ṣe tutù tó nígbà tí wọ́n ṣí i. Bí òrùka tó wà lábẹ́ ọmọrí bá sì ti já kí oníbàárà tó ṣí i, ẹ má ta èyíkéyìí nínú páàkì yẹn mọ́, kí ẹ fi tó NAFDAC létí.

Ní ti Iléyá, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má kó 35cl àti 50cl jọ ní oṣù kẹta, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tètè kó ọjà, ẹ kó ti agolo àti ti ìgò gíláàsì inú kíréètì, lẹ́yìn náà lítà méjì, kí àwọn kékeré wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí ọdún. Owó tí ẹ ò bá tíì ná lórí 35cl, ẹ fi díẹ̀ kan sílìn sí sítọ́ọ̀, kí ẹ sì ṣí ojú afẹ́fẹ́ sókè ògiri méjì tó kọjú síra. Ẹ kó páàkì kúrò lára ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa. Bí sítọ́ọ̀ bá ti 38 bọ́ sí 30, gáàsì tó ń jáde á dín kù dé bíi ìdajì ó lé díẹ̀. Bí ìgò tó wà ní yàrá tútù náà bá dé 0.4 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ẹ̀bi ooru kọ́ nìyẹn. Ọmọrí tàbí ara ìgò ló ní àbùkù. Ẹ kó ìgò tí ẹ kò tíì ṣí nínú báàṣì náà padà síbi tí ẹ ti rà á, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sí, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún yín.