Ìbéèrè Yín: Pẹpẹ Irin Tó Ń Mì

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ohun èlò ọkọ̀ ni mo ń tà n'Íbàdàn. Pẹpẹ irin inú sítọ́ọ̀ mi ga tó mítà 3, ó sì ń mì bí a bá gbé ẹrù sí i. Ọmọọṣẹ́ mi ní ká ki pákó sí i nídìí. Ṣé ó tó?

Ìdáhùn: Kò tó o, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ẹrù òkè sílẹ̀ lónìí. Pákó máa ń jẹrà. Irin pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbé ẹsẹ̀ tí kò bá dọ́gba. Kí wọ́n wá fi bóòtì de gbogbo ẹsẹ̀ mọ́ kọnkéré gan-an, kì í ṣe táìlì lásán. Mo ti fọwọ́ lásán fa bóòtì yọ rí, bí eyín ọmọdé: wọn ò fẹ́ eruku inú ihò kúrò kí wọ́n tó ki bóòtì náà bọ̀ ọ́. Bí fífẹ̀ pẹpẹ yín láti iwájú dé ẹ̀yìn kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 50, gíga rẹ̀ ti ju ìlọ́po 6 fífẹ̀ náà lọ, ó sì lè ṣubú. Torí náà, ẹ tún so orí rẹ̀ mọ́ pẹpẹ tó kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ́ńjìnnì àti bátìrì, ìsàlẹ̀ ni o. Ẹsẹ̀ tó bá sì ti wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù nà án.