Yẹ awọ sẹ́ẹ̀lì wò kí o tó dá jíìnì lẹ́bi

Àbúrò, o ní o yọ jíìnì YCA1 lára yíìsì, o kó o sínú ásíìdì acetic (ásíìdì inú fíníígà), síbẹ̀ yíìsì náà kú. O wá ń béèrè bóyá irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa jíìnì yẹn. Kì í ṣe irọ́ rárá. Láti 2002 ni ìwádìí ti fi hàn pé YCA1 wà lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì yíìsì fi ń pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ásíìdì yìí lè gba ibòmíràn.

Ohun tí ojú mi rí ní láàbù l'Ádó-Èkìtì ni pé ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì ló yẹ kí o kọ́kọ́ wò. Ergosterol wà lára ọ̀rá tó ń mú awọ náà le, yíìsì ò sì lè ṣe é láìsí afẹ́fẹ́ oxygen. Tí wọ́n bá mú iná lọ lóru, shaker, ẹ̀rọ tó ń mi ìgò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, á dúró, sẹ́ẹ̀lì á rì sí ìsàlẹ̀ ìgò, àwọn tó bá ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ò ní rí ergosterol tó. Tó bá di àárọ̀, yíìsì kan náà, jíìnì kan náà, á máa kú ju ti àná lọ. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé iná ló fà á. Ìgò tí shaker rẹ̀ bá ti dúró lóru, dídànù ni mo ń dà á nù báyìí, bó ti wù kó dùn mí tó.

Tún wo jíìnì mìíràn, ISC1, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gé sphingolipid, irú ọ̀rá awọ sẹ́ẹ̀lì kan, kí ceramide, ọ̀rá mìíràn, lè jáde lára rẹ̀. Yíìsì tí kò ní in ń fara da ásíìdì acetic ju èyí tó ní in lọ. Ṣùgbọ́n bu hydrogen peroxide sí i, òun ló máa kọ́kọ́ kú! Nítorí náà, má sọ pé jíìnì kan "ń pa" tàbí "ń gbà là" láìsọ ohun tó kọlu sẹ́ẹ̀lì.

Fi pH (òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó) sí 3, torí ní 6, díẹ̀ ni yóò wọlé nínú ásíìdì náà. Má jẹ́ kí ásíìdì náà kọjá 80 mM (millimolar, ìwọ̀n bó ṣe pọ̀ tó nínú omi); tó bá fi di 200, sẹ́ẹ̀lì ò ní ráyè pa ara rẹ̀, ásíìdì náà ló máa pa á lásán.

Láti mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì ń pa ara rẹ̀, a máa ń lo Annexin V, purotéènì kan tó ń lẹ̀ mọ́ phosphatidylserine, ọ̀rá tó máa ń yí síta nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ fi zymolyase, ẹ́ńsáìmù kan, jẹ ògiri sẹ́ẹ̀lì kúrò ná, nínú omi sorbitol kí sẹ́ẹ̀lì má baà bẹ́. Tó bá pẹ́ jù níbẹ̀, awọ á ya, propidium iodide, aró pupa tó ń wọ sẹ́ẹ̀lì tí awọ rẹ̀ ti ya, á wọlé, gbogbo rẹ̀ á pupa. Nítorí náà, mú èyí tí kò fojú kan ásíìdì gba ìlànà kan náà. Tí òun náà bá pupa, má ka àbájáde ọjọ́ yẹn sí.