Apá wíwú lẹ́yìn jẹjẹrẹ ọmú: kí ni àwòrán lè sọ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ?

Ìbéèrè: Dókítà, ó ti pé ọdún 4 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún mi, tí wọ́n yọ àwọn kókó abíyá mi. Apá náà ti wú láti ìgbà yẹn. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ wà fún un, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán. Ṣé àwòrán lè sọ bóyá iṣẹ́ abẹ náà máa jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Àwòrán ò lè búra fún yín pé apá á padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n òun ló máa sọ iṣẹ́ abẹ tó bá apá yín mu, àti ibi tí ẹ lè retí dé. Èmi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀bẹ kan apá mi láìwo inú rẹ̀.

Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ aró kan, indocyanine green, láàárín ìka. Wọ́n á paná yàrá, kámẹ́rà tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tójú wa ò rí á máa tẹ̀lé aró náà bó ṣe ń gòkè. Tó bá ń lọ tààrà bí okùn, iṣan tó ń gbé omi ara ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tó bá fọ́n ká abẹ́ awọ bí ìràwọ̀, omi ti ń ṣẹ́rí padà nìyẹn. Aró yìí kì í hàn tó bá ti jìn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi sikáànù kún un.

Iṣan tó ń gbé omi ara yẹn, tí kò tó mìlímítà 1, ni wọ́n ń rán mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Èyí tó ṣì là dáadáa ló ń dùn ún rán; èyí tó ti gan, ìrètí ibẹ̀ kéré.

Apá tó ti wú pẹ́ máa ń kó ọ̀rá jọ, rírán iṣan ò sì lè yọ ọ̀rá. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ló ń ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá. Tó bá jẹ́ ọ̀rá ló pọ̀ jù, fífà á jáde ló kàn, ẹ ó sì máa wọ ìbọ̀wọ́ gígùn tó ń fún apá lójoojúmọ́, títí ayé. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó gbà.

Tí iodine kì í bá bá yín lára mu, ẹ tètè sọ, torí ó wà nínú aró náà. Bí apá bá sì pupa, tó gbóná, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn ná.