Ọbẹ̀ ni kó pọ̀, òkèlè ni kó kéré: èsì sáwọn ìbéèrè yín lórí oúnjẹ àti ṣúgà

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Ìbejì ni mí láti Ìbàdàn, àlùbọ́sà ni mò ń tà ní Bódìjà. Lóṣù tó kọjá wọ́n gún mi níka wo ṣúgà mi láàárọ̀ kí n tó jẹun, wọ́n ní ó jẹ́ 118 mg/dL, nọ́ọ̀sì wá ní kí n dín ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì kù. Aládùúgbò mi kan ní keto ni kí n ṣe, ìyẹn kéèyàn máa jẹ ọ̀rá dípò sítáàṣì, ó kọ ìyẹ̀fun almond àti òróró olive fún mi. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ìyẹ̀fun yẹn, jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo gbé e padà síbi tí mo ti mú un. Mo wá ní n ò ní jẹ sítáàṣì kankan mọ́, ẹ̀fọ́ lásán ni mò ń jẹ, nígbà tó di ọjọ́ kẹta ọwọ́ mi ń gbọ̀n níbi tí mo ti ń ka àlùbọ́sà fún kọ́sítọ́mà, lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo jẹ ẹ̀bà tó tó ti èèyàn méjì. Ẹni mẹ́fà la wà nílé, owó oṣù bàbá wọn kì í sì í tètè wọlé. Kí ni kí n máa jẹ?

Èsì: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ọjà. Ẹ má bínú sí ara yín torí ẹ̀bà alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ yọ ẹ̀bà kúrò, ẹ ò sì fi nǹkan kan dípò ẹ̀, ẹ̀fọ́ lásán ò lè gbé ẹni tó ń ti àárọ̀ gbé àpò àlùbọ́sà dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ 118 yẹn ná, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Téèyàn ò bá tíì jẹun láti alẹ́, 100 sí 125 túmọ̀ sí pé ṣúgà ti dé ẹnu ọ̀nà àmọ́ kò tíì wọlé. Tó bá di 126 sókè, tí wọ́n tún un wò tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Torí náà àsìkò ṣì wà, ẹ padà lọ wò ó láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé.

Owó wá ńkọ́? Mi ò ní purọ́ fún yín, sítáàṣì ló rọ̀ jù láti fi yó lórílẹ̀-èdè wa, ìdí nìyẹn tí tálákà fi ń jẹ gàrí, kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ yọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe òun lẹ máa bá lọ sọ́jà. Èmi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ òkèlè. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ yí abọ́ yín padà. Bá a ṣe ń jẹun nílé wa, òkèlè ló máa ń dà bí òkè nínú abọ́, ọbẹ̀ á wá jẹ́ nǹkan díẹ̀ tá a fi ń tì í sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ di oúnjẹ gan-an, kí òkèlè tiyín má ju ìkúùkù yín kan lọ.

Ẹ wo bí mo ṣe ń sè é. Tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, èyí tó bá pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, ẹ rà á dáadáa torí ẹ̀fọ́ máa ń súnkì, ẹ fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́, ẹ fún omi ẹ̀ kúrò. Ẹ lọ ata, ẹ dín in pẹ̀lú epo pupa àti irú, ẹ má ṣahun irú o, ara ló ń tún ṣe, kì í ṣe òórùn nìkan. Ẹ po ẹ̀gúsí, ẹ dà á sí i ní ṣíbí ṣíbí, ẹ má rò ó títí á fi dì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kó ẹja ṣàwá gbígbẹ tẹ́ ẹ ti ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ sí i, ẹ̀fọ́ ló máa kẹ́yìn. Ẹ̀gúsí yẹn ni ìyẹ̀fun almond tiyín, ọ̀rá àti purotíìnì ló kún inú ẹ̀, sítáàṣì ẹ̀ ò tó nǹkan, ọ̀rá yẹn ló sì máa jẹ́ kẹ́ ẹ yó dọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá jókòó, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja tó ìdajì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè, ṣúgà ò ní sáré gòkè bíi tìgbà tó jẹ́ pé òkèlè lẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹja, ẹ wá èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́jà yín níbẹ̀, kẹ́ ẹ jọ dáwó ra odindi páálí kóté kan kẹ́ ẹ pín in, ó máa ń rọ̀ jù kẹ́ ẹ máa rà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin kan ní purotíìnì bíi gíráàmù 6, sítáàṣì inú ẹ̀ ò tó gíráàmù 1, torí náà ẹyin méjì tẹ́ ẹ fi tòmátì àti àlùbọ́sà yín dín láàárọ̀ sàn fíìfíì ju búrẹ́dì àti tíì oníṣúgà lọ. Ẹ ṣírò owó búrẹ́dì, ṣúgà àti mínírà tẹ́ ẹ ń rà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ibẹ̀ ni owó ẹyin ti máa jáde. Pọ̀ǹmọ́ dùn, mo mọ̀, àmọ́ ẹ má kà á sí ẹran. Píà náà wà, tó bá ti dé àsìkò ẹ̀ ẹ máa jẹ ẹ́.

Ẹ̀wà ńkọ́? Àwọn oníketo á ní kẹ́ ẹ má sún mọ́ ọn, torí sítáàṣì wà nínú ẹ̀ lóòótọ́. Èmi ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni tiẹ̀ ń wọnú ẹ̀jẹ̀, kì í ya wọlé bíi ti ìrẹsì, purotíìnì sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ò lówó ẹran. Mọ́ínmọ́ín kan láìsí ẹ̀kọ rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ti tó.

Àwọn ọmọ ò gbọ́dọ̀ bá yín ṣe é o. Ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ sè fún gbogbo ilé, kí òkèlè àwọn ọmọ pọ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n ṣì ń dàgbà.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Dẹ́rẹ́bà ni mí ní Abẹ́òkúta, mo ti ń lo oògùn ṣúgà láti ọdún 2 sẹ́yìn. Wọ́n ní wíìtì àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ò ní sítáàṣì, òun ni mò ń jẹ. Lọ́sàn-án mo máa ń mu gàrí, mi ò kí ń fi ṣúgà sí i, ẹ̀pà nìkan. Àmọ́ ṣúgà mi ò wálẹ̀.

Èsì: Bàbá, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Ó dùn mí pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Sítáàṣì ni wíìtì, sítáàṣì ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, èlùbọ́ iṣu náà ò yàtọ̀. Wọ́n lè má sáré gòkè tó ẹ̀bà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ òkèlè ńlá mẹ́ta nínú wọn, ibi kan náà ló ń lọ. Ní ti gàrí, ẹ̀ ń sá fún ṣúgà inú ife, gàrí fúnra ẹ̀ sì ni ṣúgà náà: nínú gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ, ó lé ní 80 tó jẹ́ sítáàṣì. Ẹ wá mú ẹ̀pà yẹn nìkan, ẹ fi ẹyin sísè méjì kún un, kẹ́ ẹ mu omi tútù sí i.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó yí nǹkan kan padà, ẹ dúró ná! Ẹ wo orúkọ tó wà lára oògùn yín. Tó bá jẹ́ glibenclamide tàbí glimepiride, tàbí tẹ́ ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tẹ́ ẹ bá dín oúnjẹ kù lójijì ṣúgà lè já wálẹ̀ jù, òógùn á bò yín, ara á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú, ẹ̀yin sì rèé lórí síárín. Ẹ lọ sọ fún dókítà yín ṣáájú kó lè dín oògùn náà kù. Kẹ́ ẹ sì máa gbé ṣúgà dání nínú mọ́tò, tí gbígbọ̀n yẹn bá bẹ̀rẹ̀ ẹ páàkì, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ omi mu.

Ìbéèrè: Ọmọ iléèwé ni mí ní Ìlọrin, kò sí fíríìjì ní yàrá wa, sítóòfù kékeré nìkan la ní. Kí ni mo lè rà tí sítáàṣì ẹ̀ ò pọ̀, tí kò sì ní bàjẹ́?

Èsì: Ọmọ mi, Ìlọrin lo wà, o ti rí ṣe. Wàrà wà níbẹ̀, beske, ìyẹn wàrà oní-sóyà, náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba tó o máa jẹ lọ́jọ́ yẹn ni kó o rà, kó o dín in kó o tó jẹ ẹ́, fi ìgbá àti kábéèjì jẹ ẹ́. Ẹ̀pà, ẹja gbígbẹ àti ẹyin lè wà nínú yàrá fún ọjọ́ mélòó kan. Tó o bá ra ẹja gbígbẹ, tún un sá sóòrùn kó o tó kó o sínú ike, kòkòrò ò ní tètè mú un.