Ẹ má jẹ́ kí wọ́n hú gbòǹgbò àjàrà bàbá

Àbúrò mi, o ní bàbá ọkọ rẹ ní Santorini, erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì, ti darúgbó, ọgbà àjàrà ti fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ yín, o sì fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń hun ún. Ìyàwó ilé lèmi náà ní erékùṣù yẹn, ẹ̀yìn abúlé Pyrgos loko tiwa wà. Gígé kò le. Oṣù Kìíní sí oṣù Kejì ni, kí ẹ̀ka tuntun tó yọ. Ẹ máa wo ọwọ́ bàbá, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ń bọ̀ wá gbà yín nímọ̀ràn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Tiwa gbé ìwé ẹ̀rí dé nígbà tí bàbá ọkọ mi wà nílé ìwòsàn ní Athens. Ó wo àjàrà tí wọ́n hun róbótó sílẹ̀ bí agbọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní kouloura, ó ní iṣẹ́ ayé àtijọ́ ni, ẹ̀rọ ò lè wọ ibẹ̀, ká hú gbogbo rẹ̀, ká na wáyà, ká gbin tuntun sórí rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbà. Mo ní ká dúró de bàbá, wọ́n ní kí ni ará Ìbàdàn mọ̀ nípa àjàrà. Bí katakata ṣe wọlé nìyẹn, tó hú gbòǹgbò tí bàbá bàbá wọn bá níbẹ̀. Igi tó ṣì ń so ni o!

Ìgbà ìrúwé dé, ìjì sì ṣẹ́ ẹ̀ka tuntun lórí wáyà bí ẹni ń já ewé ẹ̀fọ́. Èyí tó ṣẹ́kù, iyanrìn na òdòdó rẹ̀, kò so. Àárín kouloura yẹn lèso máa ń sá sí fún atẹ́gùn àti oòrùn. Òjò ò tó níbẹ̀. Ìrì àti kùrukùru òkun tí ilẹ̀ òkúta fúyẹ́ ń fà mọ́ra lóru ni gbòǹgbò ń mu. Nígbà tí bàbá dé tó rí oko, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Onímọ̀ wa ò gbé fóònù mọ́. Ọ́fíìsì tó rán an wá ní ó wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n ti tún oko ṣe. Inú mi ṣì ń ru.

Kòkòrò phylloxera tó run àjàrà Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ò lè ṣe gbòǹgbò Santorini ní nǹkan kan, torí iyanrìn òkè oníná tó wà níbẹ̀ ò ní amọ̀. Ìdí nìyẹn tí Assyrtiko, irú àjàrà funfun ibẹ̀, fi dúró lórí gbòǹgbò ara rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ oko níbòmíràn ń lọ́ àjàrà tiwọn sínú gbòǹgbò Amẹ́ríkà. Bí kouloura bá gbó, ní bí ọdún 70 sí 80, wọ́n á gé orí rẹ̀ kúrò, gbòǹgbò àtijọ́ á tún rú. Níbi tí igi bá ti kú, wọ́n á fa ẹ̀ka èyí tó wà nítòsí, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, wọn ò ní gé e kúrò lára ìyá rẹ̀ títí yóò fi ta gbòǹgbò tirẹ̀. Katavolada nìyẹn. Ẹ̀ka wo lẹ fẹ́ rì bí ẹ bá ti hú ìyá tán? Ọwọ́ aládùúgbò la ti ń tọrọ báyìí.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà á wá, á kówó lélẹ̀. Ẹ ní kó máa lọ. Ẹ gbin fava, irú ẹ̀wà kan, àti tòmátì wẹ́wẹ́ ibẹ̀ síbi tí kò bá sí àjàrà. Bí ẹ bá kórè tán ní oṣù Kẹjọ, ẹ má ta gbogbo rẹ̀ ní tútù, ẹ sá díẹ̀ sóòrùn bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ fi ṣe Vinsanto, wáìnì dídùn ibẹ̀.

Kí ọkọ rẹ mú bàbá rìn yí oko ká lọ́sẹ̀ yìí. Pínpín ogún ti sọ ilẹ̀ wọn di kéékèèké káàkiri, orí àgbà nìkan ni ààlà wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ nótárì, symvolaiografos ni wọ́n ń pè é, nígbà tí bàbá ṣì lè fọwọ́ sí i.